Pákò Ṣáínà Tí Bàbá Mi Fi Fọ Ẹnu

Ọjọ́ tí èmi àti bàbá mi yà jẹun láàárọ̀ ní àdúgbò àwọn ará Ṣáínà ní Kùmásí kò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé.

Tírélà ni bàbá mi ń wà. Iṣu la kó láti Tamale, Accra là ń lọ. Nígbà tí ebi dé, a wọ ilé oúnjẹ kan. Ìyá Ṣáínà tó ni ibẹ̀ gbé omi síwájú wa, ó sì fi igi pẹ́lẹ́ńgẹ́ méjì méjì tì í.

Inú bàbá mi dùn. Ó ní, "O ò rí i? Wọ́n mọ àlejò í tọ́jú. Omi rèé, pákò rèé."

Ló bá ki ọ̀kan bọ ẹnu, ó ń rún un wómúwómú. Gbogbo àwọn tó ń jẹun yíjú sí wa. Ojú tì mí bíi kí ilẹ̀ lanu.

Ìyá náà sáré dé, ó fi Twi, èdè àwọn ará Kùmásí, tó já gaara pariwo pé, "Agya, ɛnyɛ tweapea o!" Ó ní bàbá, kì í ṣe pákò o, igi tí àwọn ará Ṣáínà fi ń jẹun ni.

Bàbá mi tu èérún igi dànù. "Abájọ tí kò fi korò!"

Ìyá náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó jáde sí títì, ó ra pákò gidi wá, ó sì fi ṣíbí lé e.

Láti ọjọ́ náà, bàbá mi kì í fọ ẹnu kó tó dé ọ̀dọ̀ ìyá náà ní Kùmásí. Ó ní àlejò gidi kì í gbé pákò dání.