Ilé Orí Táyà àti Ọwọ́ Bàbá Mi

Bọ́ọ̀sì àtijọ́ kan tó gùn gbọọrọ ni èmi àti ọkọ mi sọ di ilé. A tú àga inú rẹ̀ kúrò, a gbé bẹ́ẹ̀dì sí ẹ̀yìn, a gbé sítóòfù gáàsì àti táńkì omi sí ẹ̀gbẹ́ kan, a sì ya igun kékeré kan sọ́tọ̀ fún ilé ìtọ̀. Àwọn ará àdúgbò wa ní Sùúrùlérè fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wọn. “Bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀lé e,” ni ìyá onílé wa máa ń wí tó bá ti rí wa. Mo fẹ́ràn bọ́ọ̀sì yẹn ju ilé tí mo háyà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ.

Bàbá mi nìkan ni kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Rewáyà ni, ìyẹn àwọn tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, ó sì ti lé ní ogójì ọdún tó ti wà lẹ́nu ẹ̀ ní Mushin. Ó yí bọ́ọ̀sì náà po lẹ́ẹ̀mẹta, ó fọwọ́ gbá a, ó ní, “Ẹ gbìyànjú. Ta ló wáyà iná yìí? Ọwọ́ ẹ̀ ò mọ́.” Mo bú sẹ́rìn-ín.

Kò pẹ́ sígbà náà ni àìsàn rọpárọsẹ̀ kọ lù ú. Kò pọ̀, a dúpẹ́, àmọ́ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó sì máa ń gbàgbé nǹkan. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin méjèèjì ní kó má lọ sí ṣọ́ọ̀bù mọ́, kó má lọ ṣe ara rẹ̀ léṣe. Bàbá kọ̀ jálẹ̀. “Ẹ fẹ́ kí n máa jókòó kí n máa wo ògiri?” Ìjà náà le débi pé kò jẹ oúnjẹ wọn mọ́. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ ló mú àbá wá: kí n fi bọ́ọ̀sì wa gbé òun lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ilé bàbá rẹ̀. Ohunkóhun tó bá bàjẹ́ lójú ọ̀nà, òun ni yóò tún un ṣe. Bí òun bá rí i ṣe, kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù sí òun létí mọ́. Bí òun ò bá rí i ṣe, òun á jókòó sílé. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi gbà. Èmi ni wọ́n fi ṣe ẹlẹ́rìí. Ọkọ mi ò sì ráyè nítorí iṣẹ́, ni mo bá tún di dẹ́rẹ́bà.

A ò tíì kúrò ní Ojúẹlẹ́gba tí fèrè ọkọ̀ fi há. Ó ń ké “páááá” ṣáá, gbogbo èèyàn ń wò wá bí ẹni pé ìyàwó tuntun la gbé. Bàbá fa wáyà kan yọ lábẹ́ sítíárìn, ó fi eyín bó o, ó so ó, ó fi téèpù dúdú wé e. Fèrè dákẹ́. “Ọ̀kan,” ni ó wí, ó gbé ìka sókè. Ní Yábàá, páìpù omi ilé ìdáná wa bẹ̀rẹ̀ sí í jò, gbogbo ilẹ̀ bọ́ọ̀sì rin gbindin. Bàbá gé rọ́bà tíúbù táyà, ó fi dè é pinpin. “Méjì!” Mo ti ń rí bí yóò ṣe yangàn níwájú àwọn ẹ̀gbọ́n mi, inú mi sì dùn dénú.

A dúró ní Ìlúpéjú láti ra búrẹ́dì. Ta ló ń fọwọ́ òfìfo wọ Ògbómọ̀ṣọ́? Ìgbà tí a padà wọlé, mo yí kọ́kọ́rọ́, bọ́ọ̀sì ò dáhùn.

Bàbá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó wo inú rẹ̀ pẹ́. Ó na ọwọ́, sípánà bọ́. Ó mú un, ó tún bọ́. Oòrùn ń ta wá lórí, èmi kì í sì í ní sùúrù bí oòrùn bá mú. Mo ní, “Dádì, ẹ jẹ́ n wá ẹni tó máa ràn yín lọ́wọ́.”

“Kúrò níbẹ̀ yẹn!”

Ọlọ́run dárí jì mí, mo dá a lóhùn. Mo ní ọwọ́ yín ò gbé e mọ́, ẹ gbà bẹ́ẹ̀. Ó wò mí. Títí di òní, tí mo bá rántí ojú tó fi wò mí, ojú máa ń tì mí.

Mo bínú rìn lọ sẹ́yìn ilé iṣẹ́ kan, mo bá ọkùnrin kan níbẹ̀ tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, òun ló ni ṣọ́ọ̀bù rewáyà tó wà níbẹ̀. Ó tẹ̀lé mi. Bó ṣe fojú kan bàbá mi, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí títì. “Ọ̀gá mi! Ẹ káàsán sà!” Ọ̀kan nínú àwọn ọmọṣẹ́ bàbá mi àtijọ́ ni. Bàbá ló gbọ́wọ́ lé e lórí tó ṣàdúrà fún un lọ́jọ́ tó kọ́ṣẹ́ tán tó gba firídọ̀ọ̀mù.

Òfin kan wà láàárín àwọn rewáyà tí mo ti mọ̀ láti kékeré. Bí ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ bá wà nídìí ọkọ̀, o ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan àfi ohun tó bá ní kí o fọwọ́ kàn, bó ti wù kí o lówó tó. Ọkùnrin náà yọjú wo inú ẹ́ńjìnnì. Mo rí i tí ojú rẹ̀ dúró síbì kan. Ó wá kó ọwọ́ sẹ́yìn.

“Ọ̀gá, kí la máa tú?”

“Sítátà,” ni bàbá wí.

Ó wọ abẹ́ bọ́ọ̀sì tòun ti ṣẹ́ẹ̀tì funfun yẹn. Ó tú sítátà, ó nù ún, ó gbé e padà. Wákàtí kan kọjá. Bọ́ọ̀sì ò dáhùn. Mo sún mọ́ ọn, mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣebí ẹ ti rí ohun tó ṣe é látìgbà tí ẹ ti dé?” Ó ṣẹ́jú sí mi. “Àbúrò, jọ̀ọ́, bá ọ̀gá gbé omi tútù wá.”

Bí bàbá ṣe jókòó sẹ́nu ọ̀nà bọ́ọ̀sì tó ń mu omi, mo rí ọkùnrin náà tó ki ọwọ́ bọ inú ẹ́ńjìnnì, tó de wáyà kan. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ó wá pariwo pé, “Ọ̀gá, ẹ má bínú, mi ò de sítátà yẹn dáadáa tẹ́lẹ̀ ni. Ẹ wá wò ó.” Bàbá yí kọ́kọ́rọ́ fúnra rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì dún. “Bí ẹ ṣe wí náà ni, ọ̀gá!” Ọ́ìlì ti ba gbogbo aṣọ rẹ̀ jẹ́, ó tún dọ̀bálẹ̀.

A ti fẹ́ dé Ọ̀jọ́ta nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi àgbà pè. Bàbá gbé fóònù sí mi létí. Ṣé nǹkan bàjẹ́? Ṣé bàbá tún un ṣe? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀ẹ̀mẹta ló bàjẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ni bàbá tún un ṣe. Mi ò tiẹ̀ kólòlò.

Bàbá gbé fóònù sílẹ̀. “Irọ́ lo pa.”

“Dádì…”

“Wáyà tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ bọ́dì ló tú. Ìgbà tó sọ pé òun ò de sítátà dáadáa ni mo mọ̀. Ọmọ yẹn ò de nǹkan ní ìdekúde rí. Èmi ni mo kọ́ ọ.” Ó na fóònù sí mi. “Pè wọ́n padà. Sọ fún wọn pé mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀bù mọ́.”

Mo pa bọ́ọ̀sì sí ẹ̀gbẹ́ títì, torí ẹkún ò jẹ́ kí n ríran mọ́.

“Wákàtí kan gbáko ló fi sùn sábẹ́ mọ́tò nítorí mi,” ni bàbá wí. “Má jẹ́ kó mọ̀ pé mo mọ̀ o.”