Ẹ̀rí Ìkẹyìn Bàbá Irọ́-Ni

Kí àìsàn tó dé ni wọ́n ti ń pe bàbá mi ní Bàbá Irọ́-Ni. Táyà ló ń lẹ̀. Abẹ́ páànù kan létí títì ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tó máa ń húkọ́ dáadáa kó tó jí, àti ọpọ́n omi dúdú kan tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni kì í kàn àyàfi ọwọ́ tirẹ̀. Dírẹ́bà á dé, á ní táyà òun ò jò, afẹ́fẹ́ ló kàn dínkù. Bàbá mi á yọ tíúbù, á fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, á rì í bọ omi, omi á sì bẹ̀rẹ̀ sí í hó níbi tó ti lu. "Irọ́ ni," á wí, láìgbójú sókè. Kì í bínú sọ ọ́. Àwọn dírẹ́bà á máa rẹ́rìn-ín, wọ́n á wá àpótí tàbí òkúta jókòó lé, wọ́n á dúró dè é.

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ìgbàgbọ́. Èmi náà lọ ilé kéwú o, ṣùgbọ́n pàṣán ni mo rántí jù níbẹ̀. Bàbá mi á máa ha rọ́bà, á máa bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní ẹni tó bá sọ pé Ọlọ́run kan ṣoṣo lòun gbà gbọ́, tó wá ń bẹ̀rù ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ ju Ọlọ́run náà lọ, tíúbù tó ń jò ni. Ó ní mọlẹ́ká wà lọ́tùn-ún, mọlẹ́ká wà lósì, wọn ò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí wọ́n máa kọ ohun tí ọwọ́ òun ń ṣe, ìyẹn ni òun ò fi lè lẹ rọ́bà tó ti gbó mọ́ táyà ẹni ẹlẹ́ni. Àwọn ìwé tí Ọlọ́run sọ̀ kalẹ̀, àwọn òjíṣẹ́ tó rán níṣẹ́ láti orí Ànábì Ádámà wá, ó gba gbogbo wọn láìyọ ẹnì kan sílẹ̀. Ṣùgbọ́n Ọjọ́ Àlùkìyámọ̀ ló máa ń bá mi sọ jù. Lọ́jọ́ yẹn, ó ní, Ọlọ́run yóò pa ẹnu ẹ̀dá dé, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni yóò máa rojọ́. Bó bá wí bẹ́ẹ̀ tán, á na ọwọ́ méjèèjì tó kún fún gíríìsì síwájú, á wò wọ́n bí ẹni tó fẹ́ mọ ohun tí wọ́n máa sọ nípa òun.

Ti kádàrá nìkan ló máa ń fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ. Ẹni tó bá gbà á gbọ́ gbọ́dọ̀ gba rere rẹ̀, kó gba búburú rẹ̀. "Ti rere ò le," á wí.

Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù yẹn náà, níbi tó ti ń ṣe àlùwàlá ìrun àlàásárì, ló ṣubú sí. Ká tó gbé e dé ọsíbítù, apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ti kú, ìka ọwọ́ ọ̀tún ti ká jọ pinpin. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ti dà sí ibi tí ọ̀rọ̀ ń gbé nínú ọpọlọ rẹ̀. Ó ní yóò máa gbọ́ wa, yóò sì máa yé e, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ gbólóhùn kan péré ló ṣẹ́kù fún un, ohunkóhun tó bá sì fẹ́ sọ, òun náà ni yóò máa jáde. A gbé e padà sílé, kò sì pẹ́ tí a fi mọ èyí tó ṣẹ́kù.

Ẹ má bá wa wí, a kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ṣé ó yó? Irọ́ ni. Ṣé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́? Irọ́ ni, ọwọ́ òsì á sì na sí ife omi. Àlejò á ní ojú rẹ̀ ti ń mọ́lẹ̀, bàbá mi á ní irọ́ ni, òótọ́ ló sì ń sọ. Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí tó fi ń fi ìbòrí nu ojú.

Ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi dé ni ẹ̀rín tán. Òun ni àgbà ìdílé wa, òun sì ni làdánì tó ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò. Ó jókòó ti bẹ́ẹ̀dì, ó ṣe àdúà, ó wá ní kí àbúrò òun tẹ̀lé òun ka ẹ̀rí náà: pé kò sí ẹni tí ìjọsìn tọ́ sí àyàfi Ọlọ́run kan ṣoṣo, àti pé Ànábì Mùhámádù, òjíṣẹ́ Rẹ̀ ni.

Bàbá mi ní irọ́ ni.

Ẹ̀gbọ́n tún un kà. Bàbá mi làágùn, ó ń fi ọwọ́ òsì lu bẹ́ẹ̀dì, ó ń pariwo irọ́ ni, irọ́ ni. Àwọn àlejò tó wà níbẹ̀ wo ara wọn lójú. Kò sí Mùsùlùmí tí kò mọ ìwọ̀n ọ̀rọ̀ yẹn. Òun ni a fi ń wọ inú ẹ̀sìn, òun náà ni a fẹ́ kó gbẹ̀yìn lẹ́nu wa, nítorí ẹni tó bá gbẹ̀yìn lẹ́nu rẹ̀, àlùjánnà ló ń retí. Ẹni tó wá pè é ní irọ́ ńkọ́?

Ẹ̀gbọ́n fa ìyá mi sí ẹnu ọ̀nà. "Ìyàwó, má ka ọ̀rọ̀ yẹn sí i létí mọ́," ó wí. "Bí a bá kà á, tó sì kọ̀ ọ́, àwa la fi ọwọ́ ara wa tì í sínú iná."

Ká tó ṣẹ́jú, ọ̀rọ̀ ti gba àdúgbò kan. Àwọn tí bàbá mi ti lẹ táyà wọn lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ òjò kò yà mọ́. Ojú lásán là ń rí, ọ̀rẹ́ ò dénú. Mo bínú sí wọn, mo bínú sí Ẹ̀gbọ́n, kí n má sì parọ́, mo bínú sí kádàrá. Àfáà wá, ó ní ọkàn ni ilé ìgbàgbọ́, ẹnu kàn jẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ ni, bí ilẹ̀kùn bá bàjẹ́, kò ní kí onílé máà sí nílé. Ìyá mi dúpẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Ó wá béèrè ẹni tó rí inú ọkàn náà tó lè wá sọ fún òun. Àfáà ní Ọlọ́run nìkan ni. Ìdáhùn yẹn tọ́, kò sì ran ìyá mi lọ́wọ́ rárá. Láti ọjọ́ náà, ìsàlẹ̀ ọ̀fun ló ti ń kírun, kí ọkọ rẹ̀ má baà gbọ́ ibi ẹ̀rí kó dá a lóhùn.

Àsìkò yẹn ni wàhálà ọwọ́ òsì bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá ti pe ìrun báyìí, ọwọ́ náà á rá pálá lọ bá ọwọ́ ọ̀tún tó ti kú, á máa ha á, á máa fa ìka rẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ á fi yọ. Nọ́ọ̀sì tó ń wá wò ó nílé ní àwọn aláìsàn rẹ̀ a máa ṣe bẹ́ẹ̀ sí apá tí wọn ò mọ̀ lára mọ́. Ìyá mi gé èékánná rẹ̀, kò dẹ́kun. Ìgbà tí egbò ìka náà bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, ìyá mi fa ìbòrí rẹ̀ kan ya, ó fi so ọwọ́ òsì mọ́ irin bẹ́ẹ̀dì, ó rọra so ó, bí ẹni di ọmọ tuntun. Bàbá mi wò ó. "Irọ́ ni," ó wí, omijé sì ń bọ́. Ìyá mi ní ó ṣeé ṣe kó máa dùn ún.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni èémí rẹ̀ yí padà. A ránṣẹ́ pe Ẹ̀gbọ́n, a kọ ojú bẹ́ẹ̀dì sí gábàsì. Ó kù kí ẹnì kan ka ẹ̀rí sí i létí, bó ṣe yẹ kí a ṣe fún ẹni tó ń lọ. Kò sẹ́ni tó kà á. Ìyá mi fi ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tó ń fi ohùn jí gbogbo àdúgbò láràárọ̀ ń wo ilẹ̀. Bàbá mi ń wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń dúró. Ara mi ò gbà á. Mo tú ìbòrí yẹn, nítorí mi ò lè rí i kó kú ní síso bí ẹran. Mo wá tẹ̀ mọ́ ọn létí, mo kà á.

"Irọ́ ni."

Ẹ̀gbọ́n kọjú sí ògiri. Ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì náà ti gbéra. Ó gba orí àyà kọjá, ó di ọwọ́ ọ̀tún mú, ó ń tú àwọn ìka tó ká jọ. Ìyá mi fẹ́ dá a dúró, mo di ìyá mi mú. Bàbá mi ki àtàǹpàkò bọ abẹ́ ìka kan, ó fà á sókè, ó bọ́, ó tún fà á. Ìka tó tẹ̀lé àtàǹpàkò ni, èyí tó légbò. Ó nà án tán, ó fi ọwọ́ òsì gbá a mú lẹ́yìn kó má baà ká padà, gẹ́gẹ́ bí a ṣe máa ń nà án ní ìjókòó ìrun, níbi tí a ti ń jẹ́rìí pé ọ̀kan ṣoṣo ni Ọlọ́run. Ẹnu rẹ̀ ṣì ń wí pé irọ́ ni, irọ́ ni. Ìka náà dúró ṣánṣán.

Ẹ̀gbọ́n bojú wẹ̀yìn, ó rí i. Ó kúnlẹ̀ gbì, ó fi ohùn làdánì rẹ̀ ka ẹ̀rí náà tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó wà ní títì fi gbọ́. Ìyá mi ni bàbá mi ń wò títí ojú rẹ̀ fi dúró.

Wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n kírun sí i lára. Ẹ̀gbọ́n sọ fún gbogbo mọ́ṣáláṣí pé àbúrò òun jẹ́rìí kó tó lọ, ojú òun ló ṣe. Kò sẹ́ni tó jiyàn. Àwọn tí kò yà mọ́ ni wọ́n tún sunkún jù.

Nígbà tí ilé dá, ìyá mi mú ìbòrí yíya náà nílẹ̀, ó ń ká a.

"Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pe ìrun ló ń jẹ́rìí," ó wí. "Èmi ni mo so ọwọ́ rẹ̀."

Mo ní kádàrá ni. Ó ní òun mọ̀, òun gbà á, rere rẹ̀ àti búburú rẹ̀. Ó ká ìbòrí náà tán, ó fi sábẹ́ ẹní ìrun rẹ̀.

Ó wà níbẹ̀ di òní. Bí ìyá mi bá dé ìjókòó ìkẹyìn nínú ìrun, tó na ìka ọ̀tún rẹ̀, ọwọ́ òsì rẹ̀ á gbéra, á wá dì í mú lẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó ṣe ìka náà. Ó máa ń pẹ́ níbẹ̀. Oúnjẹ á tutù, mi ò sì jẹ́ pè é.