Bí Ògúndáre Ṣe Ń Sá Di Okùn

Lọ́jọ́ tí Akínlóyè àti Julius wọ̀yá ìjà nítorí ipò alága ẹgbẹ́ Yorùbá, nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Openshaw nílùú òyìnbó, gbogbo èèyàn ló ń pariwo pé kí wọ́n là wọ́n. Ògúndáre nìkan ló bọ́ sáàárín, kò sì là wọ́n.

"Ẹ ṣí ọwọ́ yín! Ẹ̀ṣẹ́ ò gbọdọ̀ kan ojú! Àtẹ́lẹwọ́ ni fún ojú, ikùn ni kí ẹ máa kì lẹ́ṣẹ̀ẹ́!"

Julius dúró, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò ní là wá ni?"

"Kí n là yín kẹ̀? Ẹ ò tíì jà dáadáa."

Ẹ̀rín pa Akínlóyè títí ó fi jókòó sílẹ̀. Kó tó dìde, wọ́n ti dìbò fún Julius.

Olúfúnlọ́lá, ìyàwó Ògúndáre, kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó mọ ibi tí ọkọ rẹ̀ ti kó wèrè yìí. Lọ́dún 1993, àwọn oníjàkadì kan ní Japan tí ìjà tí wọ́n ti mọ ẹni tí yóò ṣubú kí wọ́n tó jà ti sú, wọ́n dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ kí ìjà lè di ìjà lóòótọ́. Paul, tí òun àti Ògúndáre jọ ń ti aláìsàn lórí kẹ̀kẹ́ kiri ní ọsibítù ní Crumpsall, ló yá a ní fídíò wọn. Ògúndáre ò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú èdè Japan, síbẹ̀ ó ń túmọ̀ rẹ̀ fún àlejò.

"Ó ní ìyá òun ń wo òun láti ilé."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ojú rẹ̀ ló sọ ọ́."

Òfin àtẹ́lẹwọ́ yẹn, tiwọn ni, ṣùgbọ́n èyí tó fẹ́ràn jù ni ti okùn. Bí wọ́n bá ń lọ́ ẹsẹ̀ oníjà tó fẹ́ẹ̀ dá, tó sì nawọ́ kan okùn tó yí ojú ìjà ká, wọ́n á tú u sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n á yọ máàkì kan lára tirẹ̀. Bí máàkì bá tán, ìjà tán. Òfin gidi ni, fún àwọn ará Japan. Nílé Olúfúnlọ́lá, ìjàngbọ̀n ni.

"Bàbá Wúrà, ìgbà wo lẹ máa lọ rí dókítà nítorí àyà tó ń dùn yín yìí?"

Ògúndáre á fò di okùn kọ́tìnì mú. "Okùn! Tú mi sílẹ̀, kí o yọ máàkì kan!"

Inú á bí obìnrin náà bí ẹni gbé iná mì. Ọkùnrin tó ń ti ọmọ ẹlòmíì lọ bá dókítà láti àárọ̀ dalẹ́! Máàkì márùn-ún ni wọ́n fẹnu kò sí; bó bá tán, á lọ rí dókítà. Ní November 1997, ìkarùn-ún lọ. Olúfúnlọ́lá gbé kóòtù wá.

"Ó ti tán. Ẹ wọ̀ ọ́, ká máa lọ."

"Ìyá Wúrà, ìjà tuntun la bẹ̀rẹ̀ yìí. Máàkì márùn-ún míì."

"Irọ́! Ta ló ṣòfin yẹn?"

"Àwọn ará Japan. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí ni."

Ó ju kóòtù náà lù ú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Ògúndáre ṣubú lẹ́nu iṣẹ́. Paul ló tì í lọ bá àwọn dókítà tó ti ń sá fún, ṣùgbọ́n ẹ̀pà ò bóró mọ́.

Ọládipọ̀, akọ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì, wá gba ọ̀rọ̀ tí wọn yóò tẹ̀ sínú ìwé ìsìnkú. "Mọ́mì, a fẹ́ kọ ọ́ pé Bàbá ja ìjà rere."

"Ìjà wo? Má parọ́ níwájú Ọlọ́run! Kọ ọ́ pé ó rú òfin. Kọ ọ́ pé ó sá fún dókítà, ó sá fún mi, ó sì fi èmi nìkan sílẹ̀ nínú òtútù ìlú yìí!"

Ọládipọ̀ ò mọ èyí tí ì bá ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọ́. Ó ti kọ "ó sá" kí Olúfúnlọ́lá tó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Pa á rẹ́, ọmọ mi. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á kà á, á rò pé ojo ni. Kò ní mọ bó ṣe máa ń rẹ́rìn-ín tó bá ń sá."

"Kí ni ká wá kọ, mà?"

Olúfúnlọ́lá tú ọwọ́ Ọládipọ̀ sílẹ̀.

"Kọ ọ́ pé ọkọ mi ni. Kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi."