Màrìwò Ojú Ọ̀nà Òkè

Òórùn èéfín ògùṣọ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí nípa abà wa lẹ́yìn Kọ́bapẹ́, òun àti òórùn ilẹ̀ gbígbẹ nígbà tí òjò bá ń bọ̀. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn tí àwọn ológun dé láti ogun Bọ́mà ni mò ń wí. Ọ̀nà méjì ló jáde láti abà sí títì: ọ̀nà òkè tó gba inú igbó, àti ọ̀nà odò, níbi tí a ti ń gba orí ìtì igi kan sọdá. Lọ́dún náà, ẹkùn gbé ewúrẹ́ kan lẹ́yìnkùlé olórí ọdẹ. Lọ́jọ́ kejì, àwọn ọdẹ ta màrìwò dí ọ̀nà òkè, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ ré e kọjá. Kí n má purọ́ fún ọ, inú mi dùn. Mi ò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n àwòrán ẹkùn kan wà nínú ìwé kíkà wa nílé ìwé, eyín rẹ̀ ò sì kúrò lójú mi látìgbà náà.

Ọjọ́ kẹta rẹ̀, láàárọ̀, ni ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí. Oyún àkọ́kọ́ ni. Agbẹ̀bí abà fọwọ́ kan inú rẹ̀, ó mirí. "Ọmọ yìí fẹ́ fẹsẹ̀ wá. Ẹ tètè mú un lọ sílé ìwòsàn l'Ábẹ́òkúta kí ìrọbí tó le." Ojú ọ̀run ti ṣú dùdù lápá ibi tí odò ti ń ṣàn bọ̀, ààrá sì ń kù. Mo gbé àdá, mo kọrí sọ́nà odò. Àbúrò bàbá mi obìnrin, opó tó ń ṣe epo lábà níbẹ̀, dá mi dúró.

"Níbo lò ń mú ìyàwó mi lọ?"

"Ọ̀nà odò ni, Ìyá. Ẹkùn wà lókè."

"Ẹkùn! Na ìka ẹ. Ka àwọn tí ẹkùn ti pa lábà yìí látìgbà tí wọ́n ti bí ẹ."

Mo na ìka, mo ronú títí, mi ò rí ọ̀kan ṣoṣo ká kò. Ọdẹ kan wà tí ẹkùn ya léjìká lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọdẹ yẹn ló kọ́kọ́ yìnbọn fún un.

"Ó dáa. Ka àwọn tí odò ti gbé lọ."

Mo ká àtàǹpàkò mi kò fún bàbá kan tó ń ta obì. Mo ká ìka méjì fún obìnrin kan tó ń ti ọjà bọ̀, àti ọmọ tó pọ̀n sẹ́yìn. Ìka kẹrin ni mi ò lè ká níṣojú Ìyá, nítorí ọmọ bíbí inú rẹ̀ ni. Òun fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ ká a kò fún mi.

Ó yíjú sọ́nà òkè, ó tú màrìwò náà, ó fi há abíyá. Olórí ọdẹ ń pariwo lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ pé agbè ẹmu méjì ni ìtanràn.

"Ẹ lọ gbà á lọ́wọ́ ẹkùn!" Ìyá ò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn.

Báyìí la ṣe tò lọ: Ìyá níwájú, ìyàwó mi láàárín, tó ń dúró bí ìrora bá dé, èmi ọkùnrin aládàá lẹ́yìn pátápátá. Mo sọ fún ara mi pé ẹ̀yìn ni mò ń ṣọ́. A dé ìdajì ọ̀nà, nǹkan ta pàrà nínú koríko. Kí n tó mọ̀, àdá ti bọ́ lọ́wọ́ mi, mo ti di ìró ìyàwó mi mú.

"Ọ̀yà ni o," ló wí, ó ń jẹ̀rora, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ fi ìró mi sílẹ̀, baba ọmọ."

Òjò bá wa lójú títì, ọkọ̀ tó kó igi ìdáná ló gbé wa dé ilé ìwòsàn. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ọmọ dé, obìnrin, ẹsẹ̀ ló sì fi wá lóòótọ́. Ìgè ni orúkọ tó mú tọ̀run wá. Lọ́jọ́ kejì la gbọ́ pé nígbà tí a ṣì wà nínú igbó ni odò ya dé, ó sì gbé ìtì igi náà lọ.

Nígbà tí Ìyá padà sábà, ojú odò ló lọ tààrà, ó ta màrìwò náà sí i. Àwọn ọdẹ ya bo ilé rẹ̀.

"Èmi ni mo ta á," ló wí. "Ẹni tó bá lè dúró fún odò, kó lọ tú u."

Kò sẹ́ni tó tú u. Láti ọdún náà, bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í le, a máa ń ta màrìwò sójú odò, olórí ọdẹ gan-an ló sì ń gé e.

Ẹ̀rù ẹkùn ṣì ń bà mí, mi ò sì rí ọ̀kan rí, àfi ti inú ìwé. Odò ni a fi ń fọṣọ, òun ni à ń pọn mu, kò léyín, ìdí nìyẹn tí a ò fi kà á sí ọ̀tá. Ṣùgbọ́n lónìí, bí ojú ọ̀run bá ṣú, tí ẹnì kan sì ń fi ohun tó léyín dẹ́rù bà mí, ọwọ́ mi ni mo máa ń nà. Ìka kẹrin ni mo máa ń kọ́kọ́ ká kò.