Iṣu Tí Kò Tíì Jáde

Nígbà tí mo gbé fóònù mi, mo rí i pé ẹ̀ẹ̀meje ni Bàbá Lásísì ti pè mí. Àbúrò bàbá mi ni, òun ló tọ́ mi dàgbà ní Manigri, kì í sì í pe èèyàn lẹ́ẹ̀mejì. Mo pè é padà. Ohùn rẹ̀ ti yí padà.

"Mọnsúrà, ṣé ìwọ lo fi mí sínú pọtábù, fóònù gbogbo ayé, pé mo ń ta iṣu tuntun?"

Mo ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀.

"Àwọn àgbà ti ránṣẹ́ pè mí. Máa bọ̀ nílé."

Iṣẹ́ mi ni kí n máa ṣe ojú ìwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kan ní Bassila ní kí n ṣe ibi tí àwọn oníbàárà ọ̀nà jíjìn á ti máa rí iṣu àti kajú tó wà nílẹ̀. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo máa dá ṣe nìyẹn, mo sì fẹ́ kó dára ju tẹni gbogbo lọ. Ojú ìwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì ní àwọn àmì tí gbogbo ayé ń lò, ọ̀kan fún àkọlé, ọ̀kan fún àwòrán. JavaScript, èdè tí a fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, ń jẹ́ kí èèyàn ṣẹ̀dá àmì tirẹ̀. Mo ṣí àpò iṣẹ́ tuntun, mo kọ ìwé kékeré tó ń to gbogbo ohun tí iṣẹ́ náà nílò, mo jókòó ti kónẹsíọ̀n íńtánẹ́ẹ̀tì Bassila títí tó fi gbé wọn wọlé, mo wá ṣẹ̀dá àmì kan tí mo pè ní iṣu-oko. Tí mo bá ti kọ ọ́ síbì kan, àwòrán iṣu, orúkọ àgbẹ̀ àti abúlé rẹ̀ á yọ lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú àwọ̀ ewé tó ń sọ pé ọjà ti wà.

A máa ń fi ọ̀rọ̀ àpẹẹrẹ dán irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wò. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Parakou máa ń sọ pé orúkọ tó bá kọ́kọ́ sọ sí wa lọ́kàn ni ká kọ. Èmi náà kọ ọ́: Lásísì, Manigri, iṣu tuntun, ó ti wà. Orúkọ ta ni ìbá tún sọ sí mi lọ́kàn? Mo fi ránṣẹ́ sí Ṣábì, akọ̀wé ẹgbẹ́, kó wò ó bóyá ó gún régé lórí fóònù kékeré. Inú Ṣábì dùn, ó ya àwòrán rẹ̀, ó fi han gbogbo àgbẹ̀ lórí WhatsApp. Kajú nìkan ni Ṣábì ń gbìn ní tirẹ̀, kò fura.

Ní Manigri, bí iṣu rẹ tóbi tó itan ọkùnrin, o kò gbọdọ̀ tà á kí àwọn àgbà tó tọ́ iṣu tuntun wò, wọn ò sì tíì tọ́ iṣu ọdún yẹn wò. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ kò ní bá wọn jókòó mọ́, kò sì sẹ́ni tí yóò bá a kọ ebè. Bàbá Lásísì ti dàgbà kọjá ẹni tó lè dá ebè kọ.

Ọlọ́kadà tó gbé mi láti Bassila ń sọ̀rọ̀ òjò, mi ò gbọ́ ìdajì. Iṣu ni bàbá yìí tà kó tó ra kọ̀ǹpútà fún mi, èyí tí mo fi ba orúkọ rẹ̀ jẹ́.

Mo bá wọn lábẹ́ igi máńgòrò. Ilẹ̀ lásán ni Bàbá Lásísì jókòó sí, òun nìkan. Àgbà Búkárì, ẹni tó dàgbà jù nínú wọn, mú fóònù ẹnìkan dání. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ dákun, Bàbá, àpẹẹrẹ ni. Kò sí iṣu kankan."

Àgbà Búkárì na fóònù náà sí mi. "Iṣu nìyí. Orúkọ rẹ̀ nìyí. Manigri nìyí. Èwo ni kò sí níbẹ̀?"

Bí mo ṣe ń ṣàlàyé tó ni ojú wọn ń le sí i. Ó wá ku ohun kan ṣoṣo, ohun náà sì bà mí lẹ́rù ju gbogbo rẹ̀ lọ. Mo ṣí kọ̀ǹpútà mi, mo pa Lásísì rẹ́, mo kọ orúkọ mìíràn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣì í kọ. Mo yí ojú rẹ̀ sí Àgbà.

Ó rọra kà á. "Búkárì. Manigri. Iṣu tuntun. Ó ti wà."

Ẹnìkan pariwo, "Háà!" Bàbá Lásísì fi ọwọ́ bojú.

"Bàbá," mo bi Àgbà Búkárì, "ṣé ẹ ti wa iṣu?"

Ó na ìka sí orúkọ rẹ̀, ó tún fà á sẹ́yìn.

"Pa á rẹ́."

Mo pa á rẹ́.

"Lásísì, dìde nílẹ̀, wá jókòó tì wá."

Mo rò pé ó ti parí, àfi bí Àgbà ṣe di ọwọ́ mi mú. "Ẹ̀rù wa ló ń bà ọ́ bọ̀, àbí? Ohun tó lè mú mi ta iṣu tí mi ò tíì wa, kí n tó ṣẹ́jú, òun ni kó máa bà ọ́ lẹ́rù."

Ó ń bà mí títí dòní. Tí mo bá ṣí àpò iṣẹ́ tuntun, orúkọ tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni ni mo kọ́kọ́ ń kọ síbẹ̀. Mo tún iṣu-oko ṣe pẹ̀lú, kí àwọ̀ ewé má lè yọ fún iṣu tuntun Manigri láìjẹ́ pé wọ́n ti ibẹ̀ pè mí.

Nígbà tí àkókò tó, Bàbá Lásísì pè, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Mo gbé e kó tó dún tán.

"Àwọn àgbà ti tọ́ iṣu wò," ó ní. "Kọ orúkọ mi."

Mo kọ ọ́, mo sì kà á lẹ́ẹ̀mejì kí n tó jẹ́ kí àwọ̀ ewé yọ.