Fèrèsé Bàbá Páálí

Ọjọ́ tí olóògbé gba orúkọ Bàbá Páálí, obìnrin oníbúrẹ́dì kan ló ya wọ ọ́fíìsì tìbínú-tìbínú. Ẹnì kan ń da ojú ewé tó fi ń tajà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì láàmú, ó sì fẹ́ mọ ibi tí onítọ̀hún ń gbà wọlé. Bàbá ló ń tọ́jú sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tí ojú ewé gbogbo oníbàárà wọn ń gbé. Sáfà a máa kọ gbogbo àlejò tó bá ṣí ojú ewé sílẹ̀, ìlà kan fún ìgbà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà ẹ̀rọ tó gbà wọlé, àmọ́ ojú kan náà ló ń kọ wọ́n sí: ti oníbúrẹ́dì, ti dókítà, ti lọ́yà.

"Ẹ fi tèmi hàn mí, Bàbá."

"Tiyín wà láàárín tàwọn ẹlòmíràn, màdáámù. Tí mo bá ṣí i, ẹ máa rí àwọn tó lọ bá dókítà."

"Kí ló kàn mí níbẹ̀?"

"Ohun tí kò kan èèyàn ló máa ń kọ́kọ́ wò."

Ló bá gbé páálí kan, ó fi abẹ gé ihò tẹ́ẹ́rẹ́ sí i, ó fi bo ojú kọ̀ǹpútà. Ó ń fà á wálẹ̀, ibi tí orúkọ oníbúrẹ́dì bá wà nìkan ló ń dúró sí. Nígbà tí ìyá náà dorí kọdò kó lè yọjú wo abẹ́ páálí, Bàbá fọwọ́ bò ó. Ó ní, "Màdáámù, ẹ ti jáde nílé yín o."

Ìyàwó rẹ̀ gbọ́ ìròyìn yìí nílé, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Bàbá ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó fara balẹ̀ kọ́ páálí yẹn sínú kọ̀ǹpútà gan-an, ó pè é ní fèrèsé. Oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ àṣírí tó máa tẹ̀ wọlé, àlejò tirẹ̀ nìkan ló lè rí. Ó lè wò, kò lè pa ohunkóhun rẹ́.

Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ fẹ́ yọjú níbi fèrèsé oníbàárà kan lọ́jọ́ kan. Bàbá fàáké kọ́rí.

"Ṣebí èmi ni mo nilé?"

"Ẹ nilé, ọ̀gá. Ẹ ò ni àlejò ayálégbé."

Ọ̀gá ní kó máa lọ sílé. Ó lọ. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó tún wọlé síṣẹ́. Ó ní wọn ò sọ pé kóun má padà wá.

Bó ṣe ń ṣe nílé náà nìyẹn. Tí fóònù ìyàwó rẹ̀ bá dún, á da aṣọ bò ó kó tó gbé e fún un. Ìyàwó a ní, "Ó kù kí o máa di etí tí mo bá ń sọ̀rọ̀."

Bàbá náà ní ojú ewé kan tó ń kọ bí wọ́n ṣe ń tún rédíò àtijọ́ ṣe sí. Ó máa ń fi yangàn.

"Ta ló ń kà á?" ni ìyàwó bi í.

"Wọ́n pọ̀."

Ó kọ kọ́kọ́rọ́ fèrèsé tirẹ̀ sórí ìwé fún ìyàwó rẹ̀, kó lè fojú ara rẹ̀ rí wọn. Ìyàwó ní òun ti gbọ́, ó sọ ìwé náà sínú dúrọ́ọ̀.

Ikú ṣe ohun tó ń ṣe. Àwọn tó ń wá kí opó dín kù díẹ̀díẹ̀, ilé wá dákẹ́. Láràárọ̀, opó a ṣí ojú ewé rédíò yẹn lórí fóònù rẹ̀, nítorí bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀ gẹ́lẹ́ ló ṣe ń kọ̀wé. Ohun tó ń dùn ún ni pé ó dà bíi pé ayé ti gbàgbé ọkọ òun. Ló bá gba ọ́fíìsì lọ.

Ọmọbìnrin tí Bàbá kọ́ níṣẹ́ ló jókòó sídìí tábìlì rẹ̀. Páálí yẹn ṣì wà lára ògiri.

"Ọmọ mi, bá mi wò ó bóyá ẹnikẹ́ni ṣì ń wá sọ́dọ̀ ọkọ mi."

Ọmọbìnrin náà wolẹ̀. "Màmá, ẹ má bínú. Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́?"

Opó bú sẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. "Òun ló kọ́ ẹ lóòótọ́." Ó tú ìwé inú dúrọ́ọ̀ jáde nínú báàgì. Ọmọbìnrin náà kọjú sí ògiri títí ó fi tẹ̀ ẹ́ tán.

Ìlà kan ń bẹ fún àárọ̀ kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tó fò.

"Wò ó! Ẹnì kan ò gbàgbé rẹ̀. Ta ni?"

Ọmọbìnrin náà yíjú padà, ó wo nọ́ńbà tó wà lára ìlà náà. Irọ́ ì bá dùn lẹ́nu, àmọ́ wọn ò kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. "Màmá, nọ́ńbà fóònù tó wà lọ́wọ́ yín nìyí."

"Èmi nìkan?"

"Ẹ̀yin nìkan, mà."

Opó sunkún níbẹ̀, lójú gbogbo ọ́fíìsì. "Ó sọ fún mi pé wọ́n pọ̀," ló ń sọ ṣáá. Ọmọbìnrin náà fà á mọ́ra. Kí opó tó lọ, ọmọbìnrin náà fi nọ́ńbà fóònù opó hàn án àti èyí tó jẹ́ ti ọ́fíìsì, kí ojú rẹ̀ lè mọ ìyàtọ̀.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, opó ṣí fèrèsé. Ìlà di méjì. Ó wo èkejì dáadáa, nọ́ńbà ọ́fíìsì ni. Ó gbé fóònù, ó pe ọmọbìnrin náà.

"Àánú mi ló ṣe ẹ́, àbí?"

"Rárá o, mà. Rédíò mi ló bàjẹ́."

Opó bi í pé, "Ṣé ó ti ń sọ̀rọ̀?"

"Kò tíì sọ̀rọ̀, mà. Màá tún padà wá lọ́la."