Rédíò Mi àti Áyọ́ọ̀nù Ìyá Ráfíù

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ sún mọ́ mi, kí n ròyìn ohun tójú mi rí nínú yàrá tí mo rẹ́ǹtì ní Ìlọrin, nígbà tí ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí.

Tíṣà ni mí nígbà náà. Láti Ọ̀mù-Àrán ni mo ti wá, n kò sì mọ ẹnì kankan nílùú. Yàrá tó kẹ́yìn ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni tèmi, nítòsí Ọjà Tuntun. Tí mo bá ti ilé ìwé dé, tí mo tilẹ̀kùn, ó ku èmi àti rédíò mi.

Wáyà kan ṣoṣo láti pálọ̀ onílé ló ń gbé iná fún gbogbo wa. Fíríìjì onílé, fáànù, rédíò, ojú kan náà ni gbogbo wọn ti ń fa iná. Ẹ wáá fi áyọ́ọ̀nù lé e! Fíúsì á jó, gbogbo ilé á ṣókùnkùn. Ìdí nìyẹn tí a fi ṣòfin pé ẹni tó bá fẹ́ lọ aṣọ gbọ́dọ̀ kanlẹ̀kùn kiri, kí kálukú pa tirẹ̀ ná.

Ìyá Ráfíù, ìyàwó onílé, ló ń lọ aṣọ jù. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Alàámísì ló máa ń lọ agbádá ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ de ìrun Jímọ̀. Á ní kí n bá òun pa rédíò. Ṣé ó wá máa ń tètè lọ? Rárá o! Á béèrè bóyá mo ti jẹun, bóyá mo gbúròó ilé, ìdí tí ọmọge bíi tèmi fi ń ti ara rẹ̀ mọ́lé. Nígbà mìíràn á gbé wàrà dání. Inú á sì máa bí mi, torí ìgbà tí ètò tí mo fẹ́ràn jù ń lọ lọ́wọ́ ló máa ń dé!

Ni mo bá ra bátìrì. Mo sọ fún un pé kó má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu mọ́, rédíò mi kò fa iná ilé mọ́. Ó ní kò burú, kí Ọlọ́run fi àlùbáríkà sí i.

Ní Alàámísì tó tẹ̀ lé e, mo gbọ́ ọ tó kanlẹ̀kùn yàrá tó kángun sí tèmi. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ń retí. Ó yí padà, ó lọ. Rédíò ń sọ̀rọ̀ lọ ní tiẹ̀, àmọ́ ṣé rédíò máa ń béèrè bóyá èèyàn ti jẹun?

Nígbà tó yá, ibà dá mi dùbúlẹ̀. Mò ń gbọ́ ohùn wọn lọ́ọ̀dẹ̀, àwọn náà ń gbọ́ rédíò mi, wọ́n rò pé àlàáfíà ni mo wà. Mo sunkún. Wọ́n ní èèyàn laṣọ. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi bọ́ tèmi.

Bí ara ṣe yá, mo lọ bá Ìyá Ráfíù. Mo ní bátìrì ti wọ́n jù, mo ti dá rédíò padà sí iná ilé, kó jọ̀ọ́ kó máa kanlẹ̀kùn mi. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Wàláì, Tíṣà, ọjọ́ ti pẹ́ tí Bàbá Ráfíù ti sọ fún mi pé rédíò kì í fa iná tó lè jó fíúsì. Fíríìjì tèmi gan-an ló yẹ kí n máa pa! Mo kàn ń wá wo ojú yín ni."



Lónìí, ilé ara mi ni mò ń gbé ní Adéwọlé, ní Ìlọrin kan náà. Mo ní mítà tèmi, mo ní jẹnẹrétọ̀ tèmi. Mo lè tan áyọ́ọ̀nù, fíríìjì àti tẹlifíṣọ̀n pọ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọ mi ti dàgbà, wọ́n ti lọ sílé tiwọn. Ìyá Ráfíù náà ti lọ, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Síbẹ̀, tó bá di ìrọ̀lẹ́ Alàámísì, mo máa ń dín ohùn rédíò kù, kí n lè gbọ́ tí ẹnìkan bá kanlẹ̀kùn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹni tó ń yọ yín lẹ́nu, ẹ má tètè lé e lọ o. Ẹ̀yin ńkọ́, ta ló ń kanlẹ̀kùn yín? Ẹ wá sọ tiyín fún mi. Mo wà nílé.